Ọjọ́ Tí A Kọ Owó Ọkọ̀ Ojú Omi ní Oǹdó

Ewúrẹ́ ni mò ń tà ní Àkúrẹ́. Bí ẹ bá ń bọ̀ ní ìsọ̀ mi, ẹ má wulẹ̀ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, imú yín ni yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ mi. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa sọ pé tí ilẹ̀ bá ti ṣú, òun kì í mọ èwo ni ìyàwó òun nínú èmi àti òbúkọ. Mo ní kó lọ bá òbúkọ, bóyá yóò ro ọkà fún un.

Ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé ni Oríọlá. Òun ló lọ fẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, Jethro ni wọ́n ń pe ọkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni Jethro, àmọ́ orí omi ni wọ́n kọ́ ilé wọn sí. Bí èèyàn bá ti dé Ìgbókòdá, kò sí títì mọ́. Ọkọ̀ ojú omi ló kù. Èmi tí mo máa ń di igi mú bí mo bá fẹ́ sọdá gọ́tà!

Oríọlá bí ọmọbìnrin. Ọjọ́ kẹjọ bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì ní ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó mú, ni ìsọmọlórúkọ. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sún síwájú. Oríọlá pè mí, ohùn rẹ̀ kò le.

"Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ kù ní ìdílé mi. Bí ẹ ò bá dé, ilé ọkọ mi nìkan ni yóò sọ ọmọ mi lórúkọ. Á wá dà bí ẹni pé láti ojú ọ̀run ni mo ti já bọ́ sínú omi."

Mo ní, "Ìwọ, pa ẹnu mọ́. Mo ti wà lọ́nà."

Mi ò tíì wẹ̀ nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀.

Iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan wà ní Àkúrẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ìtura Orí Omi. Tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lèèyàn máa rà lọ́wọ́ wọn. Bọ́ọ̀sì wọn á gbé ọ gba Oǹdó dé Ìgbókòdá, ọkọ̀ ojú omi wọn á sì gbà ọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní rédíò ní Àkúrẹ́ mọ orin tí wọ́n fi ń polówó:

*Bí ọkọ̀ ò bá lọ, a ó wá èyí tó ń lọ;*
*Bó o bá dúró pẹ́, a ó bọ́ ọ yó;*
*Ìrìn rẹ lo fẹ́ ni, àbí owó rẹ?*
*Ìwọ lo ó yàn, ìwọ lo ó yàn!*

Orin yìí ni mo fi ń já koríko fún ewúrẹ́. Àwọn ewúrẹ́ gan-an mọ̀ ọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, mo di ẹrù mi: ọṣẹ dúdú, òrí, kànìnkànìn, atare, oyin, àti ìró kan tí màá fi pọn ọmọ. Àwa méje la fẹ́ dé orí omi. Àlàájì Ràhímù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Àkúrẹ́ tipẹ́tipẹ́, ló jókòó tì mí. Ká má purọ́, èmi ni mo jókòó tì í. Ó kù díẹ̀ kí n jókòó lé e.

Ó ní, "Ìyá Eléwúrẹ́, ẹ rọra sún sọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ mi ti kú."

Mo ní, "Àlàájì, tìyàwó yín bá jókòó báyìí, ṣé ẹ máa ń kígbe?"

Bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. A kọjá Ọ̀wẹ̀nà, a kọjá Bọ́lọ́rundúró, kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀bá títì ń rùn, èmi náà ń rùn, a sì dé Oǹdó láyọ̀.

Ibẹ̀ ni ayọ̀ ti tán. Ọgbà iléeṣẹ́ ni bọ́ọ̀sì yà sí, awakọ̀ sì paná. Ọmọbìnrin kan jáde sí wa, ẹ̀wù iléeṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, àpò owó lọ́wọ́ rẹ̀. Adépéjú ni orúkọ rẹ̀, òun ni máníjà wọn ní Oǹdó. Ó kúnlẹ̀ kí àwa àgbà dáadáa, kí ó tó là á mọ́lẹ̀ fún wa.

"Ẹ má bínú o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọkọ̀ ojú omi ò lọ lónìí. Ìjì wà lójú omi. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ gba owó yín, bọ́ọ̀sì yìí máa gbé èrò padà sí Àkúrẹ́."

A bọ́ sílẹ̀. Ta ló máa bá ìjì ṣẹjọ́? Ìjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Mo fa fóònù yọ láyà, mo pe Jethro kó lè mọ̀ pé mi ò ní lè dé.

Jethro ní, "Ìjì wo, Màmá? Omi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Èmi ni mo dúró sétí omi yìí. Ọkọ̀ yín ń bẹ níbí, wọ́n so ó mọ́ òpó, awakọ̀ rẹ̀ ń ta ayò. Ó ní wọ́n ní èrò ò pọ̀ tó, pé owó epo ò ní yọ."

Mo wo Adépéjú. Ó ti ń ka owó sí ìyá kan lọ́wọ́. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó na tèmi sí mi, ọwọ́ mi fúnra rẹ̀ sì ń là bọ̀. Ọwọ́ ọlọ́jà ni, bó bá ti rí owó, kì í bi olówó rẹ̀ léèrè kó tó là.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin ọjà ewúrẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ò tà á rí. Bí mo bá ta ewúrẹ́ fún ọ, tí ẹlòmíràn wá dé tó fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo lè sáré tẹ̀lé ọ pé, "Gba owó rẹ, mi ò tà mọ́." Bí owó náà bá ti kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ pẹ́nrẹ́n, ọjà ti tú, ewúrẹ́ ti di tèmi padà. Àmọ́ bí o bá ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá, tí o ní, "Owó rẹ ni, èmi ni mo lewúrẹ́," kò sí ìyálọ́jà tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Mo ti lé oníbàárà kan títí dé ojú títì rí, ìró mi tú bọ́ sọ́nà, mo ṣì ń sáré lọ. Gbogbo ọjà rí ohun tí ọkọ mi nìkan ló yẹ kó rí.

Nítorí náà mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ abíyá.

"Owó yín ni," mo wí fún Adépéjú. "Èmi ni mo ni ìrìn àjò."

"Ẹ ní kín ni, Yèyé?"

"Jethro ọkọ ọmọ mi wà létí omi. Kò sí ìjì kankan níbẹ̀, ayò ni wọ́n ń ta." Mo yíjú sí àwọn yòókù, mo fi gbogbo ọ̀fun mi kígbe. "Ẹ má la ọwọ́ o! Ẹni tó bá gbowó, ọjà rẹ̀ ti tú! Ẹ má la ọwọ́!"

Àlàájì Ràhímù kò béèrè ohunkóhun. Ọlọ́jà ni. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sínú apá jálábù rẹ̀, ó dà bí ìjàpá tó wọ ilé. Àwọn mẹ́rin yòókù ń wo ara wọn, wọ́n sì fi ọwọ́ sẹ́yìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá tó ti gba tirẹ̀ ti ki owó bọ àyà.

Mo ní, "Ìyá, ẹ yọ ọ́!"

Ó ní, "Ó ti lọ sísàlẹ̀, ẹ ẹ̀ rí i pé mò ń wá a ni?"

Nígbà tó rí i, ó jù ú sórí tábìlì Adépéjú bí ẹni tó ju ẹyinná.

Adépéjú gbìyànjú o. Ó fẹ́ fi tèmi sínú báàgì mi, mo jókòó lé báàgì. Ó fẹ́ fi há mi ní gèlè, mo yí orí bí àgbò tó fẹ́ kàn. Omijé ń bọ̀ lójú rẹ̀, ẹ̀rín náà sì ń bọ̀.

"Yèyé, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀gá ló ní kí n sọ pé ìjì ni. Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n pọ̀n yín lọ ni?"

"Ìwọ yìí? Bí o bá gbé ìdí mi yìí dé ìta ọgbà, màá fún ọ ní ewúrẹ́ kan. Pe ọ̀gá rẹ."

Kó tó pè é, mo rán an létí pé wọ́n ní àwọn á bọ́ wa. Wọ́n gbé búrẹ́dì wá, ó le bí ìwo. Mo ní kí wọ́n gbé e padà fún ẹni tó ní eyín. Mo kọ orin wọn fún wọn látòkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fi ìdí jó ẹsẹ̀ kejì, ti oúnjẹ. Ìrẹsì gbígbóná dé láti òdìkejì títì, ẹran wà lórí rẹ̀. Ẹran ewúrẹ́ ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo jẹ ẹ́, mo sì ki ọwọ́ padà bọ abíyá.

Adépéjú gbé fóònù sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọ̀gá wà ní Àkúrẹ́.

"Fún wọn lówó wọn kí wọ́n máa lọ!"

"Sà, wọn ò gbà á."

"Ta ni kì í gba owó?"

Mo dáhùn. "Èmi ni, ọ̀gá. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ lórin pé àwa la ó yàn. A ti yàn. Ìrìn la yàn."

Ó wá sọ ohùn rẹ̀ di oyin. "Màmá, ó dáa. Ẹ sùn sí Oǹdó lálẹ́ òní, àwa la ó sanwó òtẹ́ẹ̀lì. Lọ́sàn-án ọ̀la, ọkọ̀ á lọ."

Ara mi tutù nígbà yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín. Ohun tó dára ló fi lọ̀ wá, mo sì rí i lójú àwọn yòókù pé bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ń wù wọ́n. Lọ́sàn-án ọ̀la, wọn á ti sọmọ mi lórúkọ tán, wọn á ti máa fọ àwo.

Àlàájì Ràhímù wúkọ́. Ó ní, "Tèmi lè dọ̀la, Ìyá Eléwúrẹ́. Abọ́ kì í jẹrà."

"Ẹ̀tọ́ yín ni, Àlàájì. Ẹ máa lọ sùn."

Kò dìde. "Àmọ́ bí mo bá lọ, ẹnì kan á dín. Bí àwọn yòókù bá tẹ̀lé mi, ẹ ó ku ẹ̀yin nìkan, wọn á sì ti bọ́ọ̀sì yìí kúrò níwájú yín. Ọmọ ọmọ yín tí ẹ ń sọ fún mi nínú bọ́ọ̀sì, ọ̀la náà ni ọjọ́ kẹjọ?"

"Ní kùtùkùtù."

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà sínú apá jálábù. "Ọ̀gá," ó ké sínú fóònù, "ìrìn lèmi náà yàn, tòní."

Kò sí ẹni tó tún sọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì mọ́. Mo dìde, mo gun bọ́ọ̀sì padà, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ gan-an. Ẹnu ọ̀nà náà di. Àwọn tó fẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ dé, wọn ò rí ibi wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, kì í ṣe lé mi lórí o, lé ọ̀gá.

"Ẹ gbé màmá yìí lọ síbi tó ń lọ, kẹ́ ẹ wá ọkọ̀ míì fún wa!"

Adépéjú mú fóònù, ó kúrò láàárín wa díẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Mo ṣì ń gbọ́ ọ.

"Sà, bí wọ́n bá gba owó, ọ̀rọ̀ ti parí. Wọn ò gbà á. Gbèsè ìrìn ṣì wà lọ́rùn wa. Owó tí wọ́n kọ̀ yìí ni màá fi gba ọkọ̀ elẹ́ǹjìnnì ẹlòmíràn fún wọn ní Ìgbókòdá... Rárá, sà, kò sí ìjì... Ó dáa, sà. Ẹ di ẹ̀bi rẹ̀ rù mí. Èmi ni mo ṣe é."

Ó padà wá. "Yèyé, ẹ fún mi ní nọ́ńbà ọkọ ọmọ yín. Kó bá wa mú ọkọ̀ kan dè yín kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má bẹ̀rù, èmi ni màá sanwó fún ẹni tó ni ọkọ̀ náà."

Ìgbà yẹn ni mo tó yọ ọwọ́ lábíyá pátápátá. Mo dì mọ́ ọn. Kò ráhùn òórùn.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí a dé Ìgbókòdá. Ọkọ̀ ẹnì kan ní àdúgbò Jethro ló ń dè wá. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì kò sé láyà mi, wọ́n so méjì pọ̀ fún mi. Mo di ọrùn Àlàájì mú, mo pe Jésù, ó pe Ọlọ́hun, omi sì gbé wa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó ìbátan Jethro jọ sórí pákó ìta, ó lé ní ogún èèyàn. Wọ́n sọ orúkọ tiwọn, ó dùn. Baba Jethro wá béèrè pé, "Ìdílé ìyá ọmọ ńkọ́?"

Oríọlá wò mí.

Mo gba ọmọ náà. Mo tọ́ oyin sí i lẹ́nu, mo ní, "Ìbídùnní ni orúkọ tí ìdílé ìyá rẹ̀ sọ ọ́."

Gbogbo wọn dáhùn lórí omi náà pé, "Ìbídùnní!"

Ọmọ náà yán gbàgà sí mi lójú, ó sì padà sùn.