Ìlà Kan Lára Ríìmù

Ìka Ràsáàkì ló kọ́kọ́ rí i, kí ojú rẹ̀ tó rí i. Ó ń fi àkísà nu ríìmù iwájú alùpùpù rẹ̀ bí ìyá ṣe ń nu ẹnu ọmọ, nígbà tí nǹkan tín-ín-rín kan gbá àkísà náà mú. Ó fà á, òwú kan já kù síbẹ̀. Ó gbé awò sójú, ó lóṣòó. Ìlà ni. Kò ju irun orí lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí sípóòkù kan, ó sì gba àárín irin lọ sí etí ríìmù, níbi tí táyà ti bò ó.

Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀. Ìlà náà lanu díẹ̀, ó tún pa á dé.

"Áúsùbílláhì," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé alùpùpù náà lè gbọ́.

Ọjọ́ Àráfà ni, Iléyá ku ọ̀la. Ràsáàkì ń gba ààwẹ̀, àkókò ìṣínu sì ti ń sún mọ́lé.

Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Ìsẹ́yìn lọ́dún náà tí kò gbọ́ nípa alùpùpù yìí, a jẹ́ pé onítọ̀hún dití, tàbí kò kírun rí. Alùpùpù òyìnbó àtijọ́ ni. Òun ni Ràsáàkì ń gùn kiri oko nígbà tó jẹ́ olùyẹwò ewé tábà, tí àwọn àgbẹ̀ láti Ìsẹ́yìn títí dé Ofiki bá gbọ́ ìró rẹ̀, tí wọn a sáré kó ewé tó ti bu sẹ́yìn àbà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọ̀gá Tábà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ti alùpùpù náà sábẹ́ igi kajú, adìẹ sì fi ìjókòó rẹ̀ ṣe ilé ẹyin. Ì bá wà níbẹ̀ dòní, bí kò ṣe pé Ládòkun, ẹgbẹ́ rẹ̀, ra alùpùpù Jàpáànù tuntun, tó sì gùn ún wá sí Jímọ̀. Kí wọ́n tó kírun tán ni Ràsáàkì ti pinnu pé òun yóò jí òkú dìde.

Ẹ́ńjìnnì kò yọ ọ́ lẹ́nu púpọ̀. Ríìmù ni ìpẹtà ti jẹ bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Ti ẹ̀yìn, eérú, yanrìn àti sàǹpépà ló fi ha á títí awọ ìka rẹ̀ fi bó, kó tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́. Ìgbà tó kan ti iwájú, sùúrù tán. Ó ra omi bátìrì, ó dà á sínú báfù rọ́bà ńlá, ó bu omi lù ú, ó sì rẹ ríìmù sí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó ya ilé Ládòkun láti lọ ṣàpèjúwe bí ríìmù náà yóò ṣe dán tó. Nígbà tí ó fi ṣàpèjúwe tán, wọ́n ti kírun Ìṣáì. Ó bá omi náà tó ń hó, tó dúdú bí omi aró. Ríìmù jáde funfun bí eyín ẹni tó ń run orín. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè iye irin tó bá ìpẹtà lọ. Ó fi ọ̀dà sílífà kùn ún.

Ìlérí tó ṣe ní gbàgede mọ́ṣáláṣí ló wá dẹ́rù bà á. Iléyá àkọ́kọ́ tí Bàṣírù ọmọ rẹ̀ máa ṣe pẹ̀lú ìyàwó nìyí, itan àgbò sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Adó-Àwáyè. Ràsáàkì ti wí létí gbogbo ènìyàn pé orí alùpùpù òun ni itan náà yóò gbà lọ, tí ìyàwó yóò jókòó sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, kí Adó lè mọ irú ilé tí ọmọ wọn wọ̀. Oyún Àwáwù, ìyàwó náà, sì ti yọ.

"Bàbá Bàṣírù, ẹ ò ní ṣínu ni?" Àsíátù ìyàwó rẹ̀ ló yọjú láti ilé ìdáná.

"Mò ń bọ̀." Ó fi ọwọ́ bo ìlà náà.

"Ibì kan yẹn lẹ ti ń nù láti ìrọ̀lẹ́. Ṣé ọgbẹ́ ló wà níbẹ̀ ni?"

"Eruku ni."

"Eruku kẹ̀? Èmi tí mo dúró síbí, mò ń rí gèlè mi nínú rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín wọlé lọ.

Ràsáàkì yọ́ àbẹ́là sínú ìlà náà, ó fi èékánná tẹ́ ẹ, ó sì kun ọ̀dà lé e. Ó dán. Dídán rẹ̀ gan-an ló wá bà á lẹ́rù ju ìlà lọ: kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́, àfi òun àti Ẹni tó dá òun.

Oorun kò kùn ún. Bó bá dijú, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Adó ló ń rí, àti kòtò tí òjò gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní Yídì lọ́jọ́ kejì, lèmọ́mù sọ ìtàn Ànábì Ìbúràhímà àti ọmọ rẹ̀. Láti kékeré ni Ràsáàkì ti ń gbọ́ ọ, bàbá náà ló sì máa ń wò nínú ìtàn náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ náà ló ń wò, lórí ìdùbúlẹ̀. Ọlọ́run ló pàṣẹ fún Ìbúràhímà. Ta ló pàṣẹ fún òun?

Nígbà tí wọ́n dúńbú àgbò tán, àwọn ará àdúgbò ti pé síwájú ilé. Bàṣírù ti so itan náà, nínú aṣọ funfun, mọ́ iwájú ìjókòó. Ládòkun gun tirẹ̀ dé, ó pa á, ó yí alùpùpù Ràsáàkì po.

"Ọ̀gá Tábà, ó mà dán o. Ṣé wọ́n máa gùn ún ni, àbí wọ́n máa fi wojú?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n dúró de èsì. Ràsáàkì gbójú sókè.

"Òjò ti ṣú."

Bàṣírù náà wòkè. "Bàbá, oòrùn ló ràn yìí."

"Ìyàwó ò tíì jẹun dáadáa."

"Mo ti yó, Bàbá," ni Àwáwù wí. "Ìyá fún mi ní ẹ̀dọ̀."

"Ẹ jẹ́ kó dọ̀la, ṣebí Iléyá ò lọ."

"Ọ̀la kẹ̀?" Àsíátù dá a lóhùn. "Kí àwọn àna ti rí itan aládùúgbò kí tiwa tó dé? Bàbá Bàṣírù, kí ló ṣe yín?"

Bàṣírù ta alùpùpù náà. Ó bú ramúramù. Àwáwù gòkè sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan gbá ikùn mú, ó fi èkejì di ọkọ rẹ̀ mú.

"Bàbá," ni ó wí, "ẹ ṣàdúà fún wa."

Ràsáàkì tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Gbogbo èèyàn tẹ́wọ́, wọ́n ń retí àmín tí wọn máa ṣe. Ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Àdúà wo ni yóò ṣe? Kí Ọlọ́run wá fi ọwọ́ di ohun tí òun fi àbẹ́là dí?

"Pa á," ni ó wí.

"Bàbá?"

"Pa ẹ́ńjìnnì yẹn. Ìyàwó, sọ̀ kalẹ̀."

Ó fa ọ̀bẹ tí wọ́n fi dúńbú àgbò yọ lára ọgbà, ó sì kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ pupa pẹ̀lú agbádá funfun rẹ̀. Ó fá ọ̀dà. Ó fá àbẹ́là. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, kí wọ́n lè rí bó ṣe ń lanu.

"Láná ni mo ti rí i," ni ó wí, láìgbójú sókè. "Ládòkun, tìẹ ni kí o yá wọn."

Ládòkun lanu. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sín tó ti ń pa mọ́ láti ọjọ́ tí ìjà dídán yìí ti bẹ̀rẹ̀ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Gbogbo èèyàn rí i níbẹ̀. Ó wo ikùn Àwáwù, ó pa ẹnu dé. Dípò kó sọ̀rọ̀, ó lóṣòó ti alùpùpù Jàpáànù rẹ̀, ó fi orí ìka ra ríìmù iwájú yí ká, ó ra ti ẹ̀yìn náà yí ká, bí afọ́jú tó ń wá abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ló na kọ́kọ́rọ́ sí Bàṣírù.

"Rọra gùn ún o," ni ó wí.

Ìgbà yìí ni Ràsáàkì wá rí ohùn ṣàdúà.

Nígbà tí wọ́n so itan náà mọ́ ti Ládòkun, tí wọ́n sì lọ tán, Àsíátù sún mọ́ ọn. "Ẹ jẹ́ ká tì í lọ sẹ́yìnkùlé kí àlejò tó dé."

"Fi í síbẹ̀."

"Níwájú ilé? Pẹ̀lú ojú yẹn?"

"Fi í síbẹ̀, Ìyá Bàṣírù."

Ó fa àpótí kan, ó jókòó tì í, ó kọjú sí ọ̀nà Adó. Àlejò dé, wọ́n wo ríìmù, wọ́n wò ó, wọ́n jẹ ẹran. Kò jẹun títí ìró alùpùpù Ládòkun fi dún padà nírọ̀lẹ́, tí ó sì ka orí méjì lórí rẹ̀. Ìgbà náà ló dìde. Ṣùgbọ́n kó tó wọlé, nígbà tó rò pé kò sẹ́ni tó ń wo òun, ó fi etí agbádá nu eruku orí táǹkì alùpùpù tirẹ̀.