Ẹṣin Kan Ò Gbé Ẹni Méjì

Ooru oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1981 ní Ṣakí, ẹ má jẹ́ n ròyìn rẹ̀. Ẹni tí ewúrẹ́ bá du ibi ìbòòji rí ló mọ̀ ọ́n. Bí Tíṣà Ládòkun bá jẹun ọ̀sán tán, tó dùbúlẹ̀, kì í pẹ́ tó fi máa ń gbọ́ ọ lápá ògiri, níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń sùn sí lórí ibùsùn: fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀, fẹ̀ẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ Fadékẹ́ ìyàwó náà tó ni abẹ̀bẹ̀ ti lo oṣù mẹ́jọ nínú ilẹ̀.

Ìlérí ló fà á. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Tíṣà fi ń wí pé, "Ìyá Ọmọ́bọ́lá, fara dà á, n ó ra ẹ̀rọ amúlétutù fún ọ." Obìnrin náà fara dà á títí tó fi kú. Ni Tíṣà bá ránṣẹ́ sí Àdìgún ẹlẹ́rọ ní Ìsẹ́yìn. Ó fẹ́ kí aya òun sinmi.

Àdìgún kí i kú ìrọ́jú, ó wọn gígùn yàrá, ó wọn ìbú, ó wo fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.

"Bàbá, èèyàn mélòó ló ń sùn níbí? Ara èèyàn náà ń mú ooru wá."

"Méjì."

Àdìgún bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Bàbá! Ẹ fẹ́ ìyàwó tuntun, ẹ ò sì pè wá ká wá jẹun!"

"Ti àtijọ́ náà ni."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Àdìgún. Ó rọra ní, "Ẹ̀rọ alágbára ẹṣin kan tó yín, Bàbá. Tó bá ti tóbi jù, ẹ máa kàn máa gbọ̀n ni."

"Ẹṣin kan ò gbé ẹni méjì."

"Ẹṣin tí mò ń wí yìí kì í jẹ koríko, Bàbá!"

Ẹṣin kan náà ló fi síbẹ̀. Ẹ̀rọ ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ń gun òkè Adó-Àwáyè. Ọ̀dọ̀ Tíṣà tutù nini. Ṣùgbọ́n lápá ògiri: fẹ̀ẹ̀-fẹ̀ẹ̀-fẹ̀ẹ̀! Ó yá ju ti àná lọ. Inú ń bí Fadékẹ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ta ló máa wà nínú ooru, tí ọkọ rẹ̀ á máa gbádùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?

Lọ́sẹ̀ kejì, Tíṣà ní kí wọ́n yọ ọ́. Àdìgún gbé ẹlẹ́ṣin méjì dé. Bó ti ń de nọ́ọ̀tì tó gbẹ̀yìn, fẹ̀ẹ̀ kan fẹ́ sí i létí. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó kó irinṣẹ́ bí ẹni tí òjò ń lé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Tíṣà tan ẹ̀rọ, ó dùbúlẹ̀, ó daṣọ bora. Yàrá tutù dé gbogbo igun. Fẹ̀ẹ̀... fẹ̀ẹ̀... Abẹ̀bẹ̀ dákẹ́.

Omijé bọ́ lójú Tíṣà. Ó ti mú ìlérí ṣẹ. Àbí ó ti lé e lọ ni? "Fadékẹ́," ó pè é.

Ni aṣọ ìbora bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀, díẹ̀díẹ̀... wàì! Gbogbo rẹ̀ di ti apá ògiri.

Tíṣà ká orúnkún mọ́ àyà, eyín ń lu eyín. "Ìyá Ọmọ́bọ́lá, ṣé kí n pa ẹ̀rọ náà ni?"

Aṣọ náà kàn ń rọra lọ sókè, ó ń rọra wá sílẹ̀, bí èyí tó wà lára ẹni tó ti sùn lọ fọnfọn.