Épírọ́ọ̀nù Méjì

Yàrá tí Jẹ́jẹ́ ti ń lọ aṣọ gbóná débi pé bí eṣinṣin bá ṣèèṣì wọlé, sísun ló ń jáde. Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń lọ níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún kan lóòjọ́. Ó dáa, ká ní irínwó. Wọ́n ń pè é ní Jẹ́jẹ́ torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ lódindi ọjọ́ kò kún ṣíbí. Oyún inú ẹ̀ ti wọ oṣù keje. Ọkọ ẹ̀ ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi, ohùn ẹ̀ sì ń dé lẹ́ẹ̀kan lóṣù bí owó oṣù.

Kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa oyún náà níbi iṣẹ́. Épírọ́ọ̀nù méjì ló fi bò ó, torí aláboyún tó ń lo tábìlì yẹn ṣáájú ẹ̀ kàn dàwátì lọ́jọ́ kan ni. Gbogbo wọn gbà pé wọ́n ti lé e.

Ìwé kan wà lára ògiri lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ògiri yẹn ni wọ́n máa ń lẹ orúkọ ẹni tó bá jó aṣọ mọ́, nítorí náà gbogbo wọn ń gbójú kúrò lára ẹ̀ bí ẹni tó bá àna ẹ̀ níhòòhò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òòyì kọ́ Jẹ́jẹ́. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí ohùn ẹ̀ lè la pákó, gbá a mú, ọwọ́ ẹ̀ sì ba ikùn.

"Háà! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé oyún là ń fọwọ́ bò?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má lé mi."

"Ta ló ń lé ẹ? Ẹ ò ka ìwé ara ògiri ni?"

"Ẹni tó wà níbí ṣáájú mi ńkọ́, mà?"

"Ó wà nílé, ó ń fọ́mọ lọ́mú, owó oṣù ẹ̀ ń wọlé! Ẹ̀yin lẹ wà níbí tẹ́ ẹ ń ṣọ̀fọ̀ alààyè. Oṣù mẹ́ta ìsinmi ni òfin fún un, ó wà nínú ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n kí oṣù keje tó pé lèèyàn gbọ́dọ̀ kọ orúkọ. Tìẹ ńkọ́?"

Jẹ́jẹ́ ka ìka. "Ọ̀la ló pé, mà."

Ọ̀gá sáré lọ mú fọ́ọ̀mù wá, eré tí àgbọ̀nrín gan-an á tẹríba fún. Wọ́n kọ gbogbo ẹ̀, ó wá ku ojú kan: ta ni kí wọ́n pè lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀? Jẹ́jẹ́ pe ọkọ ẹ̀. Kò wọlé. Ó tún un pè. Ìyá ẹ̀ ti kú, ọ̀rẹ́ kò sí.

"Àyè yẹn ò gbọdọ̀ ṣófo o," ọ̀gá ní. "Wọ́n á dá a padà ni."

Ọ̀gá wo Jẹ́jẹ́ títí, ló bá kọ nọ́ńbà tara ẹ̀ síbẹ̀.

"Má sì jí mi láàárọ̀ kùtù o," ó ní.

Nígbà tó délé, Jẹ́jẹ́ fi épírọ́ọ̀nù méjèèjì kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó yọ ikùn síta, ikùn tó ga ju òkè lọ. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá, bí ẹni pé ẹnìkan ní kó yí kóun rí i. Dígí nìkan ló wà níbẹ̀.