Igun Òkè Apá Òsì

Nígbà tí Kuwajima-san fi máa gun àtẹ̀gùn wa dé àjà kẹta lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ yẹn, mo ti to páàdì mẹ́ta dè é lórí káńtà. Ó ti pè wá láàárọ̀. Ó ní páàdì tí òun lè fi gbá géèmù ayìnbọn àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà lòun ń wá, irú géèmù tí ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan máa ń wà nísàlẹ̀, tí ọta á sì máa rọ̀ lé e lórí bí òjò. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló ń mú orí mi yá. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, mo jáde láì mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, àfi pé bí ẹnikẹ́ni bá gbé ohun tó lọ́jú pọ̀ síwájú mi, ara mi ò ní balẹ̀ títí n ó fi tú u.

"Shiotani, má tún bẹ̀rẹ̀ o," ni ọ̀gá mi, Nezu-san, wí láti ìdí fèrèsé. Obìnrin náà ti ń ta ohun èlò géèmù àlòkù ní Akihabara, àdúgbò àwọn tó ń ta ẹ̀rọ, kí wọ́n tó bí mi. "Oníbàárà fẹ́ ra ọjà, ìwọ fẹ́ ṣe ìdánwò."

Kuwajima-san jókòó, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé orí itan bí ẹni tó gbé ọmọ tó sùn. Ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ ni. Iṣẹ́ tatami, ẹní nínípọn tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá, ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, ìgúnpá sì ni àwọn oníṣẹ́ náà fi ń tẹ òwú mọ́lẹ̀ kó lè le dáadáa.

"Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un," ó ní. "Iṣan kan ló há sínú ìgúnpá. Dókítà ní òun á sa ipá òun, ṣùgbọ́n òun ò lè ṣèlérí pé àwọn ìka á padà sí bí wọ́n ṣe wà. N ò lè fa ọ̀pá ìdarí ara ẹ̀rọ ilé géèmù mọ́, apá ló ń lò. Àtàǹpàkò nìkan ló kù tó ṣì ń gbọ́ tèmi. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, mo fẹ́ fi ẹyọ owó kan parí géèmù Ẹyẹ Iná Méje."

Nezu-san yíjú sí wa. Láàárín àwa tá à ń gbá irú géèmù yìí, ẹni tó bá ń fi owó kún owó nínú ẹ̀rọ títí ó fi dé ìparí kò tíì parí nǹkan kan. Ẹyọ owó kan, ọkọ̀ mẹ́ta, ó tán.

"Ọdún mélòó lẹ ti ń gbá a?" mo bi í.

"Méjìlélógún. Ní ilé géèmù Kujaku, ní Kameari. Wọ́n ti pa ibẹ̀ dé lóṣù kẹta."

A bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnnì alágbèélébùú ara páàdì àkọ́kọ́ ti rọ̀ jù: o tẹ ọ̀tún, ó tún gbé ọ gòkè díẹ̀. Nínú géèmù tó jẹ́ pé ìbú irun ló wà láàárín ọkọ̀ àti ọta, apànìyàn ni irú páàdì bẹ́ẹ̀. Ìkejì rẹwà, ṣùgbọ́n ó le, àtàǹpàkò bàbá náà ti pọ́n kó tó parí ìpele kejì. Ìkẹta dúdú, kò lẹ́wà rárá, ṣùgbọ́n ibi tó o bá tẹ̀ náà ló ń lọ, kò ní fi nǹkan kan kún un. Mo ti wọ̀n ọ́n nígbà igba.

"Èyí ni," ni mo wí, bí ẹni tó ti yege.

Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo panu mọ́, bó ṣe yẹ kéèyàn dúró sẹ́yìn ẹni tó ń gbá. Ẹ ò bá rí i! Ìpele àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta, ọkọ̀ náà ń gba àárín ọta kọjá bí ọwọ́ tó ń wọnú ìbọ̀wọ́. Nígbà tó dé ìpele kẹrin, ilé ìṣọ́ funfun kan yọ, ó da ògiri ọta sílẹ̀, ọkọ̀ náà gòkè, ó yà sósì, ó sì fọ́. Ọkọ̀ kejì fọ́ síbẹ̀. Ìkẹta fọ́ síbẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ibẹ̀ náà ni.

"Àárín ògiri yẹn ni mo ti máa ń sinmi tẹ́lẹ̀," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo lè dijú kọjá níbẹ̀. Kì í ṣe páàdì rẹ, Shiotani. Ọwọ́ mi ni."

Ó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ibẹ̀ náà ló kú sí. Ó tún wá lọ́jọ́ Àìkú, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹfà, ó wá gbé páàdì sílẹ̀.

"Bóyá ọwọ́ yìí ti kú kí wọ́n tó là á," ó ní. Ìka rẹ̀ ló ń wò, kò wo ẹnì kankan nínú wa.

Nezu-san gbé tíì ọkà bálì tútù síwájú rẹ̀. Ó gé ìṣù ìrẹsì tirẹ̀ sí méjì, ó sì fún un ní apá tí ẹja wà. Èmi ò lè jẹun. Ọwọ́ tó ti kú kì í ṣàṣìṣe lójú kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ibi gbogbo ló ti máa ń ṣì í. Ọwọ́ tó ń ṣe àṣìṣe kan ṣoṣo, tó sì ń ṣe é pé pérépéré, ọwọ́ tó mọ nǹkan ni.

"Kuwajima-san, ẹ ní ìwé tẹ́ ẹ ya ọ̀nà ìpele kẹrin sí lọ́wọ́?"

Ó ní in. Ìwé pélébé tó ti gbó, tó ya gbogbo ọ̀nà ọkọ̀ náà sí pẹ̀lú lẹ́ẹ̀dì pupa. Níbi ilé ìṣọ́, ìlà náà gòkè tààrà, ó wá yà sósì tààrà bí etí àpótí. Mo dá fídíò tí mo ti gbà sílẹ̀ bó ṣe ń gbá a padà sẹ́yìn. Lójú ẹ̀rọ, ọkọ̀ náà gòkè, lẹ́yìn náà ó ń yà sósì, ó sì ń gòkè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, títí ó fi fi orí sọ ọta.

"Ẹ fi àtàǹpàkò yín hàn mí lórí páàdì. Ẹ má wo géèmù. Ẹ kàn ṣe ibẹ̀."

Ó tẹ òkè. Ó fi òsì kún un. Kò tú òkè sílẹ̀.

"Ẹ ò tú òkè sílẹ̀."

"Kí ló dé tí màá fi tú u? Tó o bá ti fi òsì kún un, òkè á dákẹ́ fúnra rẹ̀."

"Kì í dákẹ́, Kuwajima-san. Tẹ́ ẹ bá tẹ méjèèjì pọ̀, igun ló yẹ kó lọ."

"Ọdún méjìlélógún ni mo fi rí i tó ń dákẹ́!"

Ìgbà yẹn ló yé mi, mo sì fẹ́ kó má yé mi. "Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ lò ní Kujaku, igun òkè apá òsì ọ̀pá ìdarí rẹ̀ ti kú."

Ojú rẹ̀ le. "Má bú ilé yẹn. Àràárọ̀ ni wọ́n ń nu ẹ̀rọ wọn."

"Ẹ̀rọ mélòó ni wọ́n ní tí wọ́n fi ń gbá géèmù náà?" Nezu-san ló bèèrè.

"Méjì. Ọ̀kan lẹ́bàá fèrèsé, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìtọ̀ ni tèmi. Kì í sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìdí fèrèsé ni wọ́n ti máa ń tò. Mo rò pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fẹ́..." Ó gbé tíì, kò mu ún. "Gbogbo wọn ló mọ̀."

"Wọ́n mọ̀," ni Nezu-san wí. "Ṣùgbọ́n ta ló máa fọwọ́ kan èjìká ẹni tó ń gbá, tí kò bi í ní nǹkan kan? Wọ́n á ti sọ láàárín ara wọn pé, 'Ẹ wo ọkùnrin yẹn, ẹ̀rọ tó ti bàjẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ yàn, òun nìkan ló tó o.' Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi pa yín lára, Kuwajima-san."

Inú mi kọ́kọ́ bà jẹ́, àfi bí bàbá náà ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìgúnpá rẹ̀ mú. "Wọ́n máa ń tẹríba fún mi tí mo bá ń jáde! Mo rò pé nítorí ọjọ́ orí ni!"

Mo ti ń tú sùkúrù ẹ̀yìn páàdì dúdú mìíràn kó tó rẹ́rìn-ín tán. Mo gé téèpù tẹ́ẹ́rẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ sábẹ́ rọ́bà tó wà nídìí bọ́tìnnì, kí òkè má baà mú nígbà tí òsì bá ti mú.

"Páàdì tó ṣì dáa lò ń bà jẹ́ yẹn?" Nezu-san ké.

"Mò ń tún un ṣe ni."

"Ọlọ́run ṣàánú ilé ìtajà mi."

Kuwajima-san fi í gbá. Ní ìpele kẹrin, ó gba abẹ́ ògiri ọta náà kọjá, kò tilẹ̀ mí. Ó la ìpele karùn-ún, ó la ìkẹfà, ó dé ọ̀dọ̀ ẹyẹ ńlá tó jẹ́ ọ̀gá gbogbo wọn, ó wá fọ́ níbi tí ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti ṣí.

"Ibẹ̀ náà ni," ó ní, láìbínú. "Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo débẹ̀ ní Kujaku. Ọkọ̀ yẹn kì í yá tó."

Mo yí fídíò padà. Nígbà tí ìyẹ́ náà ṣí, ọta bo gbogbo ojú ẹ̀rọ, àyè kan ṣoṣo ló kù. Ó wà lókè, lápá òsì. Àtàǹpàkò bàbá náà ti tẹ ibẹ̀ lásìkò. Ọkọ̀ náà kàn rìn sósì ni, ó sì dúró de ikú. Ó ti mọ ọ̀nà láti ọdún méjìlélógún. Ẹ̀rọ ló ń sọ pé rárá.

Mo sọ fún un. Mo gbé páàdì méjèèjì sílẹ̀ fún un: èyí tí mo lẹ téèpù sí nínú, tó máa gbé e dé iwájú ẹyẹ náà lójoojúmọ́ tí kò ní kọjá ibẹ̀ láé, àti èyí tó mọ́, tó ń pa á ní ìpele kẹrin.

"Kò sí páàdì kẹta?" ó bèèrè.

"Kò sí. Mo ti rò ó."

"Ó ti rò ó," ni Nezu-san wí. "Tó bá wà, ì bá ti tú káńtà mi láti fi ṣe é."

Kuwajima-san mú èyí tó mọ́. Ó tẹ òkè, ó tú u, ó tẹ òsì. Ó tún ṣe é, àtàǹpàkò rẹ̀ gbàgbé. Ó tún ṣe é. "Ọmọ iṣẹ́ mi máa ń lo oṣù mẹ́ta kó tó gbàgbé bó ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú lọ́nà tí kò dáa," ó ní. "Èmi ní ọjọ́ mẹ́ta." Ó fi páàdì sínú àpò, ó lọ.

Kò wá lọ́jọ́ Ajé. Kò wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo wọn nǹkan méje tí ẹnì kankan ò ní kí n wọ̀n. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, òjò ń rọ̀, ó wọlé, ó ti fi aṣọ wé àtàǹpàkò òsì.

"Mo kọjá ìkẹrin lánàá," ó ní. "Lẹ́ẹ̀mejì nínú ogún. N ò fẹ́ dá nìkan gbá a lónìí."

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ fọ́ ní ìpele kẹrin. Àtàǹpàkò ti gbàgbé. Ìkejì dé ibẹ̀, mo sì gbọ́ ọ tó ń sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu: "Òkè. Tú u. Òsì." Ó kọjá. Ó pàdánù ọkọ̀ yẹn ní ìkẹfà. Pẹ̀lú èyí tó gbẹ̀yìn ló fi bá ẹyẹ náà. Ìyẹ́ ṣí. Nezu-san di apá mi mú títí ó fi dùn mí. Àtàǹpàkò aláṣọ náà tẹ igun, ọkọ̀ kékeré náà sì gòkè lápá òsì, wẹ́rẹ́, ó wọ àyè náà bí ẹni tó wọ yàrá ara rẹ̀.

"Ó lọ!" ni bàbá náà ké. "Ó lọ, ẹ wò ó, ó lọ!"

Ẹyẹ náà jóná. Gbogbo ojú ẹ̀rọ di funfun.

Nezu-san ló kọ́kọ́ wí pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Kuwajima-san. Ẹ kú iṣẹ́."

Kí a tó mọ̀, géèmù náà ti tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kìn-ín-ní, bí irú wọn ṣe máa ń ṣe, tòun ti ọta tó yára ní ìlọ́po méjì. Mo ní kó gbá a. Ó gbé páàdì sílẹ̀. Ọkọ̀ náà dá wà nísàlẹ̀, kò kúrò lójú kan.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ó títí ọta fi bà á. Lẹ́yìn náà Kuwajima-san bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ àtàǹpàkò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún.

"Shiotani," ó ní, "tí òsì yìí ò bá padà, ṣé páàdì wà tí èèyàn lè fi ọwọ́ ọ̀tún nìkan lò?"

Mo ní n kò mọ̀. Òótọ́ ni, n kò mọ̀. Nezu-san ti ń ti àkàbà lọ sídìí pẹpẹ òkè tí a ń kó àwọn páàdì àtijọ́ sí. "Gòkè," ó wí fún mi. "Kí lò ń wò?"