Ìlà Funfun Ẹnu Géètì

"Dádì, wọ́n ti mú mi."

Neville Thackray ń fi bọ́tà pa búrẹ́dì lọ́wọ́ nígbà tí Jude, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀bẹ dúró sójú kan.

"Wọ́n mú ẹ ṣe kí ni?"

"Láti gbá bọ́ọ̀lù ni o! Èmi ni wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Kóòṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí tán ni. Àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù ti bá tiwọn lọ, ó ku àwa ọmọdé."

Nínú gbogbo ọjọ́ tí Ọlọ́run dá! Láti kékeré Jude ni bàbá àti ọmọ ti ń retí ọjọ́ yìí. Ìyá rẹ̀ náà retí rẹ̀ títí tó fi kú. Òní yìí gan-an ló wá bọ́ sí, òní tí Neville fúnra rẹ̀, olórí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú, ti kéde fún gbogbo ìlú Harthwaite pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ wọ pápá bọ́ọ̀lù.

Lasseter ló fà á. Ọkùnrin yẹn ra ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Harthwaite Town bí ẹni ra ewúrẹ́ ọdún, ó sì ń pa á jẹ díẹ̀díẹ̀. Ó ti ta ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìgbaradì, ó wá ní òun máa wó pápá àtijọ́ náà kí òun lè kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀. Àwọn èrò pariwo lé e lórí láti orí ìjókòó wọn. Ó fèsì, ẹnu rẹ̀ ò tiẹ̀ wọ́, ó ní kí wọ́n máa pariwo lọ, ṣebí wọ́n ti sanwó kí wọ́n tó wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Neville wọnú eegun. Ó ní ó dáa, kò ní rí ẹyọ ẹnì kan kó wọlé mọ́. Ó fi ọ̀dà funfun fa ìlà sí ẹnu géètì pé kí ẹnikẹ́ni má kọjá rẹ̀. Tí gbogbo ayé bá rí pápá tó ṣófo lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó fẹ́ bá Lasseter dòwò á sá fún un.

Harthwaite kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìlà ṣeré. Ìlú àwọn tó ń wa èédú ni. Nígbà ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1984, ẹni tó bá kọjá ìlà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tò dí ọ̀nà, tó lọ síbi iṣẹ́, wọn kì í lù ú, wọn kì í bú u. Ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ sí i. Tó bá wọ ilé ọtí, ẹ̀yìn lásán ló máa rí. Royston, ẹ̀gbọ́n Neville, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, kọjá ìlà lọ́dún náà nítorí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé, Neville ò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà. Nígbà tí bàbá wọn kú, ọ̀tún sàréè ni ọ̀kan dúró sí, òsì ni èkejì.

"Ẹ máa wá, àbí?" Jude bi í.

"Jude, èmi ni mo fa ìlà yẹn."

"Mo mọ̀. Ta ló bá yín gbé korobá ọ̀dà?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ṣé kí n sọ fún kóòṣì pé mi ò gbá a mọ́ ni?"

"Orí ẹ dàrú ni? O máa gbá a! Àwa òǹwòran la ní ká má wọlé, kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù."

"Ta ni màá wá máa wò? Láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹgbẹ́ ọmọdé, tí àyà mi bá ti ń já, ìjókòó yín lábẹ́ aago yẹn ni mo máa ń wò."

Jude gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Tíì Neville tutù sínú ife.

Nígbà tí oòrùn yẹ àtàrí, èrò ti kún iwájú géètì bámúbámú. Àwọn ọlọ́pàá wà lórí ẹṣin. Glenys Moxon, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé ìwé tó jẹ́ igbákejì Neville nínú ìjà yìí, rọra fa apá aṣọ rẹ̀.

"Gbogbo èèyàn ti gbọ́ nípa Jude o. Ìwọ ni wọ́n ń wò."

"Kí wọ́n máa wò."

"Tó o bá wọlé, mi ò ní lè bá ẹ wí. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Àmọ́ wo ọ̀hún yẹn."

Nínú géètì, ọmọọṣẹ́ Lasseter kan gbé kámẹ́rà dání, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ọ̀gbẹ́ni Thackray! Ọ̀gá ní ọ̀fẹ́ ni fún bàbá agbábọ́ọ̀lù! Ẹ má tijú, ẹ wọlé, a ti gbé oúnjẹ kalẹ̀!"

Àwọn èrò hó yèè. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé Neville. Háà! Ṣé kóòṣì ló mú Jude, àbí Lasseter? Wọ́n ti fi ọmọ rẹ̀ há ẹnu ìwọ̀. Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣókùnkùn.

"Neville, má dà wá o!" ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn. "Rántí ẹ̀gbọ́n ẹ!"

Fèrè dún. Nígbà tí kò sí ariwo òǹwòran, gbogbo ohùn inú pápá ń fo ògiri jáde. Wọ́n ń gbọ́ bí bàtà ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù. Neville ń gbọ́ Jude: "Fún mi! Mo wà níbí!" Ohùn náà ń gbọ̀n. Láìpẹ́ àwọn ẹgbẹ́ àlejò kígbe ayọ̀ pé àwọn ti gbá góòlù, ẹnì kan nínú pápá sì bú: "Jude, ṣé o ti sùn ni? Ìwọ ló yẹ kó o ṣọ́ ẹni yẹn!"

Neville ò mọ ìgbà tó rìn. Nígbà tó máa wo ilẹ̀, imú bàtà rẹ̀ ti wà lórí ọ̀dà funfun. Ọkùnrin inú géètì gbé kámẹ́rà sójú. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń yí lójú títì, wọ́n ti ń múra láti kẹ̀yìn sí i. Ìgbésẹ̀ kan péré ló kù. Omijé ti lé sí i lójú, kò sì nù ún.

Àtẹ́wọ́ kan dún nínú pápá. Pá. Pá. Pá. Ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

"Gbórí sókè, Jude!" Ohùn àgbàlagbà ni, ó há. "Gbórí sókè, mò ń wò ẹ́!"

"Ta ló wọ ibẹ̀?" Glenys béèrè. Ẹni náà ti ní láti wọlé kí wọ́n tó dé.

Neville mọ̀ ọ́n. Inú yàrá kan náà ló ti ń gbọ́ ohùn yẹn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tí òkùnkùn bá ń bà á lẹ́rù. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lórí ìlà. Ọkùnrin inú géètì sọ kámẹ́rà kalẹ̀, ó pòṣé.

Ohùn Jude ò gbọ̀n mọ́. Ó ń pe bọ́ọ̀lù bí ẹni tó ní in.

Nígbà tí eré parí, Royston ló kọ́kọ́ jáde, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìlú ṣe máa ń ṣe é. Glenys náà yí padà. Èjìká Neville ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí kó tó mọ̀, àṣà ogójì ọdún kì í ṣe kékeré. Ó fi tipátipá dá ara rẹ̀ dúró. Ó rìn dé ìdí ìlà, kò kọjá rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí. "Báwo ló ṣe gbá a?"

Royston wo ẹ̀yìn, ó rò pé ẹlòmíì ló ń bá sọ̀rọ̀. Kùn-ùn-kùn-ùn gba ẹnu àwọn tó kẹ̀yìn sí wọn.

"Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà á," Royston dáhùn. "Ṣe ló ń wo ìjókòó ẹ ṣáá. Mo bá lọ jókòó síbẹ̀."