Ẹ̀wù Iléyá Séyínì

Jùnáídù tún yọ ẹ̀wù náà kúrò nínú báàgì. Mọ́rìlíátù, ìyá rẹ̀, tún tì í padà sínú rẹ̀.

"Kí ló dé tó ò fẹ́ mú un lọ? Ẹ̀wù Iléyá tó dára báyìí!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀."

"Má dá mi dúró. Mọ́tò ò ní dúró dè ẹ́. Kí àwọn ṣọ́jà tó wá béèrè ọmọ tí wọ́n pè sógun lọ́wọ́ mi, mo fẹ́ kó o ti dé Ògbómọ̀ṣọ́."

Niamey, olú ìlú Niger, ni wọ́n bí Jùnáídù sí, ní àdúgbò Kalley níbí, ìwé ọmọ ìlú Niger ló sì ní. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é. Ẹ̀rù ikú ń bà á, kò parọ́, ṣùgbọ́n fídíò kan tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi hàn án lórí fóònù ló ń dà á láàmú jù. Òkú àwọn agbébọn ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan dojú bolẹ̀, ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé olódòdó pupa. Aṣọ tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù Mọ́rìlíátù ni wọ́n fi rán irú ẹ̀wù yẹn, méjì péré ló sì jáde nínú rẹ̀: ti Jùnáídù, àti ti Séyínì, ọmọ ẹ̀yà Zarma ní ilé kejì, tí àwọn agbébọn jí gbé lọ lábúlé ìyá rẹ̀ àgbà láti fi ṣe ọ̀kan lára wọn.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tó bá kọ ẹ̀yìn sí Jùnáídù lójú títì, Séyínì ni. Ṣé irú ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní kó lọ máa yìnbọn fún? Bó bá sì sá lọ, kí ni yóò sọ fún ìyá Séyínì? Kò tíì sọ ohun tó rí fún ẹnì kankan.

"Fofo, fofo!" Ẹnìkan ń kí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Séyínì ni. Mọ́rìlíátù sáré fi ìborùn bo báàgì. Obìnrin yìí ló fún Jùnáídù lọ́mú nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ọmú kan náà ni òun àti Séyínì mu dàgbà.

"Mo gbọ́ pé wọ́n ti pè ọ́," ó sọ fún Jùnáídù ní Haúsá tí wọ́n jọ máa ń sọ. "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ẹ dúpẹ́ kẹ̀?" Inú ti ń bí Mọ́rìlíátù.

"Ta ló máa dá Séyínì mọ̀ nínú igbó yẹn, bí kì í bá ṣe ọmọ rẹ yìí? Jùnáídù, kó o tó yìnbọn, kọ́kọ́ pe orúkọ rẹ̀. Á dá ọ lóhùn."

Jùnáídù kò lè fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ mọ́. Ó fa ẹ̀wù náà yọ nínú báàgì, ó sì gbé e lé obìnrin náà lẹ́sẹ̀.

"Ìyá, mo rí èkejì rẹ̀, nínú fídíò. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ti kú."

Mọ́rìlíátù fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Séyínì kò sunkún.

"O rí ojú rẹ̀?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí."

"Wọ̀ ọ́."

Ó wọ̀ ọ́.

"Kọ ẹ̀yìn sí mi."

Ó yí padà. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ obìnrin náà kàn án léjìká, ó ń tọ ojú rírán lọ bíi télọ̀ tó ń wá ibi tó tú.

"Ṣé báyìí ló rí?"

"Báyìí ni, Ìyá."

Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún. Mọ́rìlíátù dì í mú, wọ́n jọ jókòó sórí ẹní.

"Jẹ́ kó máa sá lọ, Mọ́rìlíátù," ló wí nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Mo ti rí ẹ̀yìn ọmọ kan. Ó tó mi."

Mọ́rìlíátù nawọ́ sí báàgì, ṣùgbọ́n Jùnáídù ti ń kó aṣọ jáde nínú rẹ̀.

"Màámi, mi ò lọ Ògbómọ̀ṣọ́. Bárékè ni mò ń lọ. Màá sọ fún wọn pé mi ò lè gbé ìbọn."

"Wọ́n á tì ọ́ mọ́lé!"

"Bí wọ́n bá tì mí mọ́lé, ẹ̀yin méjèèjì á mọ ibi tí mo wà."

Ó wọ bàtà rẹ̀. Ẹ̀wù náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ bó ṣe ń jáde, ó sì mọ̀ pé àwọn ìyá rẹ̀ méjèèjì ń wo ẹ̀yìn òun. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó yí padà kí wọ́n lè rí ojú rẹ̀.