Ẹni Tó Ń Fọ Igi Máńgòrò

"Ẹ gbé fóònù yẹn sókè díẹ̀, kí n rí orí igi," ni ìyàwó alágbàfọ̀ wí.

Alágbàfọ̀ gbé e sókè. Ẹ̀ka kan ṣoṣo, èyí tó yọrí sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, tí òdòdó rẹ̀ ṣì ṣù bó ṣe yẹ, ló kọjú fóònù sí.

"Ó mà dára o. Apá ibi ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́?"

"Oòrùn ti bo ibẹ̀. O ò ní rí nǹkan kan."

"Bàbá wọn, ṣé kò sí o?"

"Kí ni ì bá wà? Báwo lọmọ ọmọ wa?"

"Ó ti ń jókòó. Ìyá ẹ̀ ní kí n dúró títí yóò fi rìn. Mo ní mo ti bá yín ṣàdéhùn: bí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé bá ti pọ́n, mo ti délé nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, ó yíjú sí ibi tí kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ rí. Òdòdó ibẹ̀ ti dúdú, ó ti gbẹ, ó ń já bọ́ sórí aṣọ àwọn oníbàárà tó sá síbẹ̀. Ìwọ̀nba èso kéékèèké tó ti yọ ní àpá dúdú lára. Àwọn ewé náà sì ti ní àbàwọ́n káàkiri.

Ẹ má pe ọkùnrin yìí ní òpùrọ́ o. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń fọṣọ fáwọn èèyàn, bí bọ́tìnnì kan bá já lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n oṣù méje ti kọjá tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ tọ́jú ọmọ ọmọ wọn nílùú òkèèrè. Ó ṣì ń sùn sí ẹ̀bá ògiri, ó ń fi ìdajì bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ó ń se oúnjẹ èèyàn méjì, á wá máa bínú jẹ ìyókù láàárọ̀. Igi yìí ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Òdòdó á yọ, èso á so, èso á pọ́n, ìyá wọn á dé. Bí òdòdó bá wá bàjẹ́ ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bẹ Tíṣà Ọ̀gbìn, obìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé níṣẹ́ àgbẹ̀, tó sì máa ń kó aṣọ wá fún un. Tíṣà dé lọ́sàn-án tòun ti ayùn. Ó já ewé kan, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, èyí kì í ṣe kòkòrò. Ebu ni, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó bá pẹ́ nínú ọ̀rá. Ibi tó bá tutù, tí afẹ́fẹ́ ò dé, ló fẹ́ràn. Òjò ò sì tíì rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Níbo lomi ti ń kàn án?"

"Àbí omi tí mo fi ń fọ̀ ọ́ ni?"

"Tí ẹ fi ń fọ kí ni?"

"Igi náà. Látìgbà tí ìyá wọn ti lọ, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń fa rọ́bà omi síbẹ̀, tí màá fi fọ ewé rẹ̀. Eruku ò dáa lára nǹkan. Nígbà tí mo rí i tó ń dúdú, mo sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, mo sì ń da ọṣẹ díẹ̀ sí i."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Tíṣà, àmọ́ ó rí ojú bàbá, ó gbé e mì.

"Bàbá, ohun tó ń pa á lẹ ń fún un mu. Ìdí rẹ̀ ni ká máa bomi rin, kì í ṣe orí. Ẹ tún so okùn aṣọ mọ́ ọn, aṣọ tútù ò kúrò lára rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ewé tó já wọ̀nyí ńkọ́, ta ló kó wọn jọ sídìí igi?"

"Èmi ni. Mo ní kó fi ṣe ajílẹ̀."

"Inú wọn làrùn yẹn ń gbé. Bí omi bá ti ta sí wọn, á tún gòkè padà."

Alágbàfọ̀ fìdí lé orí korobá kan tó dojú dé. Ó dùn ún wọra. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe gbogbo ẹ̀, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.

Wọ́n tú okùn aṣọ. Wọ́n gbá ewé àti òdòdó tó já, wọ́n lọ sun wọ́n lọ́nà jíjìn sí igi. Tíṣà gun àkàbà, ó gé àwọn ẹ̀ka gbígbẹ àtàwọn tó há mọ́ra láàárín, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè ráyè wọlé. Ó ní kí wọ́n bá òun wá bílíìsì tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, kí òun máa fi nu ayùn bí òun bá ti gé ẹ̀ka kan tán, kí òun má baà fi ayùn kó àrùn ran èyí tó kù. Alágbàfọ̀ tètè dìde. Ní ti bílíìsì, kò sẹ́ni tó máa kọ́ ọ.

"Oògùn kan wà tí wọ́n fi bàbà ṣe," ni Tíṣà wí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. "Kí òdòdó tó là ni ká ti fín in. Tó bá ti dúdú báyìí, ó ti pẹ́ jù."

"Àwọn tó kù lórí ẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n á pọ́n?"

"Mi ò ní tàn yín, bàbá. Tọdún yìí ti lọ. Ọdún tó ń bọ̀ ni kí ẹ máa retí."

"Ọdún tó ń bọ̀," ni alágbàfọ̀ wí. Ó sin Tíṣà dé ẹnu ọ̀nà.

Ó kọ́kọ́ rò ó pé òun á ra máńgòrò lọ́jà tó bá yá, òun á fi òwú so ó mọ́ ẹ̀ka kan, òun á wá gbé fóònù sí i. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n yìí fún bí ìṣẹ́jú méjì, kí ojú tó wá tì í. Àgbàlagbà bíi tirẹ̀. Ó mú fóònù, ó pe ìyàwó rẹ̀. Látìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ, obìnrin yẹn ló máa ń pè.

"Bàbá wọn? Ẹ̀yin lẹ pè? Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Igi ń ṣàìsàn. Èmi ni mo kó bá a." Ó sọ ti omi, ó sọ ti ọṣẹ, ó sọ ti ẹ̀ka kan ṣoṣo tó ń fi hàn án. "Kò ní so lọ́dún yìí."

Alágbàfọ̀ ń gbọ́ bí ọmọ ṣe ń fi ṣíbí lu nǹkan lọ́hùn-ún.

"Torí náà, má ṣe dúró de máńgòrò mọ́. Àárò rẹ ń sọ mí, ìyá wọn. Ilé yìí ti tóbi jù fún mi. Máa bọ̀."

"Oṣù méje rèé," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mi ò pè yín rí kí ẹ má sọ̀rọ̀ igi. Ewé ṣe báyìí, òdòdó ṣe tọ̀hún. Ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ọjọ́ wo ni mò ń bọ̀. Mo ti gbà pé bó ṣe rí yẹn tẹ́ yín lọ́rùn."

"Kò tẹ́ mi lọ́rùn."

"Ẹ tún un sọ."

"Kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Máa bọ̀ nílé."

Ó gbọ́ tó ń pe ọmọ wọn pé kó wá gba ọmọ rẹ̀, kó sì wá bá òun wo tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọmọ wọn ń ráhùn pé ọmọ ò tíì rìn, ṣebí màmá ní ó di ìgbà tí máńgòrò bá pọ́n.

"Á rìn," ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Bàbá rẹ ní kí n máa bọ̀."